Èmi Ni Mo Ba Tábìlì Enjinía Délé Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ǹ bá má sọ ọ́ títí láé, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo ṣe é sí wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n kọ́ òun níṣẹ́.

Délé lorúkọ rẹ̀, àmọ́ "Enjinía" ló fẹ́ ká máa pe òun. Nàìjíríà ló ti wá sí Monrovia ní Liberia lẹ́yìn ogun abẹ́lé ibẹ̀. Ó ń tún kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji ní Randall Street. Èmi ń gbálẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń se oúnjẹ wọn. Ìwé kẹfà ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀. Ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í tì mí láti wòran.

Ọkùnrin yìí kò jọ mí lójú rárá. Ó ń so táì nínú ooru, níbi tí kò sí fáànù. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á fi ọwọ́ bo kọ̀ǹpútà bí ọmọ iléèwé tó ń ṣèdánwò, á sì ní: "Ìwọ, lọ fọ abọ́. Èyí kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé tábìlì kan dé láti Freeport, èbúté ọkọ̀ ojú omi Monrovia. Orí tábìlì náà gan-an ni ojú kọ̀ǹpútà, ìka la fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó ti gbó. Délé pààrọ̀ dísìkì rẹ̀, ó fi mẹ́mọ́rì kún un, ó sì fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i. Ìyá kan tó ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi ní àdúgbò Point Four fẹ́ rà á fún àwọn ọmọ.

Mi ò ní purọ́, ó mọ ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá tẹ ibì kan, ibòmíràn ló ń dáhùn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi làágùn lé e lórí. Nígbà tó lọ jẹun, mo jókòó síbẹ̀. Mo rí ibi tó ti ń fi àmì àgbélébùú kékeré hàn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Téèyàn bá tẹ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde, tábìlì á mọ ibi tí ìka wà. Mo tẹ̀ wọ́n. Ó tọ́.

Mo fi han Délé pé ó ti ń dáhùn, kò béèrè bí mo ṣe ṣe é. Kò sọ pé o ṣeun. Ó ké sí ọ̀gá wa: "Alhaji, mo ti ṣẹ́gun rẹ̀! Ọpọlọ ni!" Alhaji bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èmi padà sídìí ìkòkò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, Délé lọ fá irùngbọ̀n. Mo ṣí ibi àgbélébùú yẹn. Èyí tó jáde lápá ọ̀tún, apá òsì ni mo tẹ̀. Mo ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀.

Ìyá náà dé. Délé tẹ àwòrán ewúrẹ́, àkùkọ ló kọ.

"Enjinía, your goat can crow-o!" Ìyá náà ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ewúrẹ́ Enjinía ń kọ bí àkùkọ; ọmọ Liberia ni, ẹ̀rín rẹ̀ kò kéré.

Délé tún tẹ̀ ẹ́. Àkùkọ tún kọ. Alhaji ní, "Kí lo wá ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gúnyán sí?"

Mo rọra ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú, sà." Mo fi ara bò ó, mo tẹ àwọn àgbélébùú náà bó ṣe yẹ; kò pẹ́ tí ewúrẹ́ fi ké bí ewúrẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Alhaji lé Délé kúrò níṣẹ́. Mo fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àga rẹ̀ ni mo jókòó lé títí dòní.

Àpò ìrẹsì ló ń rù ní Freeport báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó pè mí ní Àǹtí. "Àǹtí, mo ti tún tábìlì yẹn ṣe tẹ́lẹ̀ o, ó tún wá dójú tì mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọkàn tán ọwọ́ ara mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ẹ wò ó! Ó ti pa irọ́ rẹ̀ títí, òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Kò tíì jọ mí lójú. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà.

Mo ní kó wá lọ́jọ́ Ajé. Tí mo bá fi àgbélébùú wọ̀nyẹn hàn án, á rí i pé wọn kì í yí padà fúnra wọn. Tí mi ò bá fi hàn án, a jẹ́ pé mi ò kọ́ ọ níṣẹ́. Alhaji ò mọ nǹkan kan, iṣẹ́ yìí nìkan ni mo sì ní. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún un kó tó jókòó, àbí kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí á fi yé e?