Gbólóhùn Tí Mo Fò Nínú Ẹ̀rí Wúràọlá

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń sọ ọ́ jẹ́ obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, ọmọ Yorùbá tó ń gbé àdúgbò Treichville nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ògbufọ̀ nípa iṣẹ́, onítìjú nípa ìwà. Ẹni tí mo finú hàn ló tú mi síta, ojú mi kò sì tíì gbẹ.

Oògùn tí a fi ń na irun ló kọ́kọ́ jẹ iwájú orí mi. Irun dídì tó le jẹ ìyókù. Kí n tó pé ogójì ọdún, àárín orí mi ti pá, ó ń dán. Wúràọlá, arábìnrin ìjọ wa tó ń dirun lọ́jà, nìkan ni mo ṣí gèlè fún. Ó fi òwú wọn orí mi yíká, ó rán àwọ̀n tó bá a mu, ó sì fi ọjọ́ mẹ́rin di irun wẹ́wẹ́ sí i lára títí ó fi di wíìgì. Áà, ẹ̀yin èèyàn mi, ìrọ̀rùn! Kò fa iwájú orí, kò há mi mọ́ àárín orúnkún olùdirun láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. N óò dé e bí fìlà lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá délé, n óò gbé e kọ́ ìṣó, atẹ́gùn ọ̀sà yóò sì fẹ́ sí mi lórí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Tántì mi," bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí, "ẹ wo ẹnu mi, mo ti rán an pọ̀."

Désiré, ọmọ Kutonu tí aya rẹ̀ ti kú, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Vridi, fẹ́ fi mí ṣaya. Kò gbọ́ Yorùbá; Faransé ni a jọ ń sọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń wí pé ọ̀la ni n óò sọ ti orí mi fún un. Ọ̀la náà kò dé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Wúràọlá jáde láti jẹ́rìí. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ ẹ̀rí sí Faransé, gbólóhùn kan òun, gbólóhùn kan èmi. Ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kí àwọn tí irun wọn ń re wá sọ́dọ̀ òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká: "Ẹ wo Tántì wa yìí! Orí wọn pá bí ìdí ìkòkò, èmi ni mo sọ wọ́n di ọmọge!" Àwọn tó gbọ́ Yorùbá bú sẹ́rìn-ín. Désiré wà ní ìlà kejì, ó ń wo ẹnu mi. Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Èmi tí n kì í fo ọ̀rọ̀ kan, mo sọ lédè Faransé pé Wúràọlá ti dirun fún mi rí.

"Háà, Tántì, ẹ fo ibi tó dùn!" Wúràọlá sì fi Faransé tó kọ́ lọ́jà parí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa orí ara rẹ̀ láti fi hàn bí tèmi ṣe ń dán.

Wọ́n ní bí ikú tó fẹ́ pani bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́. Ẹni tí ọ̀rẹ́ ṣí ní wíìgì níwájú ìjọ ńkọ́? Nígbà tí mo bi Wúràọlá, ó ní, "Ẹ̀yìn yín kọ́ ni mo ti sọ ọ́, Tántì. Ojú yín ni."

Désiré dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní orí pípá kò dun òun. "Ṣùgbọ́n o fò ó lójú mi. Láti ìgbà tí a ti mọra, ẹnu rẹ ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn èèyàn rẹ. Kí ni o tún ti fò?" N kò fo nǹkan mìíràn rí. Ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fi ẹnu ara yín sọ àṣírí yín fún ẹni tó tọ́ sí, kí ẹlòmíràn tó fi polówó ọjà.

Wúràọlá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ibùdókọ̀ Abobo Gare. Àwọn oníbàárà ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Désiré padà sí Kutonu, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Èmi ṣì wà ní Treichville. Ìwé ni mo ń túmọ̀. N kì í túmọ̀ ẹ̀rí mọ́.