Tíṣà Kò Gbàgbé

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Lọ́la, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, màá dúró níwájú adájọ́, màá sì sọ pé irọ́ ló wà nínú ìwé tí mo búra lé lórí. Agbẹjọ́rò mi ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ibẹ̀ dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹ̀yin aládùúgbò mi, ẹ̀yin oníbàárà mi, àti ẹ̀yin tí a jọ ń rán bàtà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, torí pé lójú yín ni mo ti sọ bàbá àgbàlagbà kan di ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú mi, kò sì mọ ọ̀nà àbájáde dáadáa.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi. Ẹsẹ̀ tó wú, ẹsẹ̀ tó wọ́, ẹsẹ̀ tí ọ̀kan kúrú ju ìkejì lọ, èmi ni mò ń rán bàtà fún wọn. Tí oníbàárà bá wọlé, màá ní kó tẹ ẹsẹ̀ lé bébà, màá fi pẹ́ńsù tọ etí ẹsẹ̀ náà yí ká. Lẹ́yìn ìyẹn, màá gbé pẹ́ńsù fún un kí òun fúnra rẹ̀ kọ ibi tó ń dùn ún sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, kó sì fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ó ní ẹnu oníbàárà lè yí padà lọ́la, ṣùgbọ́n ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò ní yí padà. Mi ò sì ju ọ̀kankan nínú àwọn bébà náà nù rí. Ọgbọ́n tó dára ni, èmi ni mo sọ ọ́ di ìkà.

Ní ọdún tó kọjá, ọjà kò tà. Àbúrò mi ọkùnrin, tó máa ń bá mi polówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó ti rí fídíò kan níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀ ló di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan. Ọkọ ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń ka ìṣísẹ̀ fún un: ọ̀kan, èjì, ó kù díẹ̀, ìyàwó mi, ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀sán, ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó gbé orí lé ọkọ rẹ̀ láyà. Mo bi àbúrò mi pé ta ló ni ín. Ó ní ohun tó bá ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo ayé. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé aṣọ tí ènìyàn sá síta ti di ti ẹni tó ń kọjá lọ ni? Síbẹ̀ mo gbà. A yọ ohùn bàbá náà kúrò, a fi orin sí i, a sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé bàtà wa ló gbé màmá yìí dìde. A gbé e sójú tẹlifíṣàn ńlá tó kọjú sí títì, ó sì ń fi í hàn láti àárọ̀ títí a ó fi ti sọ́ọ̀bù.

Kò pẹ́ tí bàbá kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá dúró níwájú sọ́ọ̀bù ní ọ̀sọ̀ọ̀sán. Á ṣí fìlà sọ́wọ́, á wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, á sì máa lọ. Mo rò pé owó bàtà ló ń wá. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká a mọ́ ibẹ̀, mo pè é wọlé, mo fún un ní àga. Ó ní Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pe òun, pé ìṣirò lòun fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ, àti pé ìyàwó òun ni mò ń fi hàn lójú tẹlifíṣàn mi. Ó ti di oṣù márùn-ún tó kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, àmọ́ kò bínú. Ó ní nínú fóònù, ìyàwó òun kò ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n níbí, ó ga tó bó ṣe ga láyé. Ohun méjì péré ló bẹ̀ mí: kí n pa ọ̀rọ̀ bàtà yẹn rẹ́, torí sálúbàtà àtijọ́ tí òun fi aṣọ dì ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, kí n sì dá ohùn òun padà. Ó ní, “Ohùn mi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé.” Mo ní mo ti gbọ́.

Òjò kò dá. Ó bi mí pé ṣé mi ò bá ti rí bàtà rán fún irú ẹsẹ̀ ìyàwó òun. Mo ní kó jẹ́ kí n rí i. Ó gba pẹ́ńsù, ó ya ẹsẹ̀ òsì ìyàwó rẹ̀ láti inú ìrántí, pẹ̀lú ọmọ ìka kan tó gun èkejì. Àràárọ̀ àti alaalẹ́ ló fi wẹ ẹsẹ̀ náà fún ọdún méjì, kò sí ohun tó gbàgbé lára rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ibí ló ń dùn ún, ó sì fọwọ́ sí i bó ṣe rí i lára àwọn bébà yòókù. Mo fi Ọlọ́run búra, àánú ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn, kò sí nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n mi ò yọ fídíò náà. Èrò ti ń wọ́ wá, mo ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la. Ọmọ Tíṣà obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́, rí i nínú fóònù ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó ya á níwájú sọ́ọ̀bù mi. Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìwé ìpẹ̀jọ́ dé: kí n yọ ọ́, kí n tọrọ àforíjì ní gbangba, kí n sì san owó gbà-má-bìínú. Ẹ̀rù bà mí. Agbẹjọ́rò mi béèrè pé ṣé bàbá náà fún mi láṣẹ, ṣé mo sì ní ẹ̀rí. Ẹnu mi yára ju ọkàn mi lọ. Mo ní òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ wá sí sọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì fi ẹnu gbà. Mo lọ mú bébà ẹsẹ̀ yẹn. Mo jókòó, mo fi pẹ́ńsù kan náà kọ ọjọ́ sí i, ọjọ́ tí ìyá náà ṣì wà láyé, kó lè jọ pé òun fúnra rẹ̀ ló wá wọn ẹsẹ̀. Àbúrò mi rí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ti kọjá ohun tí a jọ ṣe.” Mo ní kó pa ẹnu mọ́, ṣebí òun ló gbé e wá. Mo sì lọ búra lé e.

Ẹ wo ibi tó burú jù lọ báyìí. Wọ́n pe gbogbo wa sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà gbé bébà yẹn lọ́wọ́, ó fi ìka tọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ọmọ ìka, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní, “Bàbá, ọwọ́ yín nìyí.” Tíṣà ní ọwọ́ òun ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ òjò ni, ìyàwó òun sì ti kú nígbà yẹn. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ká ní mo jágbe mọ́ Tíṣà ni, ì bá bá mi jà. Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo lò. Mo ní, “Tíṣà, ẹ ti gbàgbé ni, sà. Ẹ̀yin àti màmá lẹ jọ wá. Orí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n jókòó sí.” Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní bóyá òun ti gbàgbé lóòótọ́. Ìyẹn ni mo jí o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Fídíò kéré sí i.

Ọmọ rẹ̀ fà sẹ́yìn nínú ẹjọ́, ó tilẹ̀ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìwé tí mo búra lé lórí ṣì wà nílé ẹjọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó kó o lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan iná ìdáná mọ́. Èmi náà ń sọ ọ́ kiri pé ó ṣe ni láàánú, pé ọjọ́ ogbó ni. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo pàdé Tíṣà níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ó so ìwé kékeré kan mọ́ ọrùn. Ó ní gbogbo ohun tí òun bá ṣe lòun ń kọ síbẹ̀: mo ti jẹun, mo ti lo oògùn. Ó bi mí bóyá òun ti kí mi lónìí. Lẹ́yìn náà ó súnmọ́ mi bí ọmọdé tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Ó ní, “Jọ̀wọ́, Oníbàtà, kí ni ìyàwó mi sọ lọ́jọ́ tó wá sí sọ́ọ̀bù rẹ? Mo ti wá ọjọ́ náà títí, mi ò rí i. Ọjọ́ tí mo lò pẹ̀lú rẹ̀ ni, mo sì ti sọ ọ́ nù.” Mo darí sí sọ́ọ̀bù, mo yọ fídíò náà, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sunkún nígbà tí ìyá mi kú.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ ọmọ rẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Tíṣà bi mí: ṣé ìyàwó òun kò wá síbẹ̀ rí? Mo ní kò wá rí, sà. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níwájú sọ́ọ̀bù mi, pé láti ọjọ́ yìí lòun ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀, ìyàwó òun kò lè gùn ún. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé òun gba àjèjì gbọ́ ju bàbá òun lọ. Tíṣà gbé e dìde, ó ní kò sí ẹ̀sùn láàárín àwọn. Kí n tó kúrò níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ti padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín, ẹni tó wà nínú fídíò ní ilé, ó sì ní ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó mú. Tí ẹ bá sì ti mú un láìbéèrè, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì kéré, torí irọ́ kan kì í dá gbé, á ránṣẹ́ pe èkejì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ forí jì mí. Tí ẹ bá rí Tíṣà lọ́nà, ẹ bá mi kí i bí ẹni tí orí rẹ̀ pé, torí orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Mo bẹ òun náà lọ́jọ́ yẹn pé kó dárí jì mí. Kò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Lọ sọ ọ́ níwájú adájọ́ ná. Ọjọ́ tí mo bá dárí jì ọ́, Oníbàtà, màá rántí wá sọ fún ọ.”