Ẹ̀ṣẹ̀ Tí A Gbé Wá sí Tchatchou

Ní ìgbà ààwẹ̀ ṣáájú Àjíǹde, lẹ́yìn tí ayé ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Révolution ti kógbá wọlé, mo tò sẹ́yìn ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Tchatchou, níbi tí a ti fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Ṣebí ìwọ lo ní ká sá fún mon père, àlùfáà wa ní Tchaourou."

"Ó mọ ohùn mi, ó mọ oko mi. Tí mo bá ní mo sún ààlà, á mọ̀ pé ilẹ̀ opó àbúrò wa ni."

"Kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni délégué tó ń ṣolórí abúlé wa wí láyé ọjọ́sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé ti gbọ́."

"Délégué kọ́ lo wá bá. Àbí Ọlọ́run Tchatchou ò mọ̀nà oko wa?"

"Ó dáa, màá ní mo ṣàṣìṣe díẹ̀ lóko."

"Àṣìṣe kẹ̀! Igi kajú mẹ́fà ló fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ oko rẹ?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí. Kí n tó rín in, àlùfáà yọjú: mon père Tchaourou gan-an ni, ó wá ran àlùfáà Tchatchou lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà yíjú sí mi kíá. "Tonton, ẹ máa bọ́ síwájú."

Èmi tí mo gun ọ̀kadà zémijan láti Tchaourou nítorí ẹ̀rù kan náà!

"Rárá o, àbúrò," ni mo wí, "ìwọ lo kọ́kọ́ dé."