Ìlà Kan Tí Mo Tẹ̀ Ló Wó Ilé Onílé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ìyàwó mi gan-an kò mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ń ṣàìsàn, àwọn dókítà sì ti ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbé e lọ sílé.

Lẹ́yìn 1985 ni, kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ìbàdàn. Ọ́fíìsì wa wà ní Ring Road, a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé àti onílé. Múfú ló ń tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ, èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Òpópónà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà abala ilẹ̀ tí ilé náà wà.

Ìjọba wá ní kí a ya àwọn ilé abala 3 sọ́tọ̀, létí odò lẹ́yìn Baṣọ̀run, kí wọ́n wó wọn nítorí omíyalé. Ká máa ṣí fáìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Èmi mọ irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní sed. Ìlà àṣẹ kan ṣoṣo, yóò tún gbogbo fáìlì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó wá gbogbo ìlà tí 3 bá wà nínú nọ́ńbà abala rẹ̀, kó kọ "wó o" síbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún un pé 3 nìkan, láìsí nọ́ńbà mìíràn níwájú tàbí lẹ́yìn. N kò sọ ọ́. Ó mú 13, ó mú 23, ó mú 30 títí dé 39.

Òfin wa ni pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi ìwé tuntun wé ti àtijọ́ kó tó jáde. N kò jẹ́ kí a ṣe é. Ẹnjiníà tó wá gba ìwé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yìn mí, orí mi ń wú.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára àwọn ilé. Àwọn onílé sunkún wá bá wa, a ní bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Katakata tó ń wó ilé dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Bàbá arúgbó kan ní abala 33 kọ̀, kò jáde. Ògiri wó pa á. Orí òkè ni ilé rẹ̀ wà, odò kò débẹ̀ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ bàbá náà àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ya wọ ọ́fíìsì wa, pẹ̀lú àdá, pákó àti irin. Wọ́n lu ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí ó fi dákú. Ọ̀kan nínú wọn fún mi lọ́rùn, ó na àdá sí mi: "Ta ló kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo nawọ́ sí Múfú. Mo ní, "Òun ló tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n wọ́ ọ lọ sí títì. Mo gbọ́ bí egungun apá rẹ̀ ṣe dá. Wọ́n ti fi táyà sí i lọ́rùn, wọ́n ti da kẹrosíìnì sí i lára, wọ́n ń wá ìṣáná, kí n tó sáré lọ dùbúlẹ̀ lé e lórí. Wọ́n lu èmi náà, wọ́n fọ́ mi lórí. Ọlọ́pàá ló gbà wá.

Nítorí ìyẹn, gbogbo ènìyàn ní èmi ni mo gba Múfú là. Wọ́n lé e níṣẹ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo Iléyá ló ń gbé ẹran wá fún mi, mo sì ń jẹ ẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ kí i. Mo ti pinnu pé n ó jẹ́wọ́. Kí n tó lanu, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í tẹ̀. Èmi ni mo pa bàbá yẹn. Tí mo bá dé ọ̀hún, kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

Mo ní kó sinmi. Mo ní Ọlọ́run ti dárí jì í. Mo jáde, mo wọ takisí lọ sílé. Ojú ara mi tì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá sọ ọ́ fún un, ìbànújẹ́ lè pa á lójú mi. Bí n kò bá sọ ọ́, yóò kú pẹ̀lú èrò pé apànìyàn ni òun. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé kò jẹun mọ́, bàbá tó kú yẹn ló ń bẹ̀ ṣáá. Kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn.