Teuila Ní Bàbá Mi Wà Ní Ẹnu Géètì

Ẹ má ní kí n fi ara balẹ̀ o, Ẹ̀gbọ́n Sose, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́! Ẹ jókòó tí ẹ bá fẹ́ jókòó, àga nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n fi ara balẹ̀, torí mo mọ̀ pé àbúrò yín Teuila ló rán yín wá. Ó ní kí n wá síbi tí òun ti máa kọrin ní pápá lọ́jọ́ Sátidé? Kí òun lè nawọ́ sí mi láti orí ìtàgé, kí òun sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀rẹ́ òun àtijọ́ rèé? Ọ̀rẹ́! Ẹnu ẹ̀ gbà á láti pè é!

Ṣé ẹ gbọ́ rédíò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ẹ ò gbọ́ ọ. Ó dáa, èmi gbọ́. Mo wà níbi iṣẹ́, ní ilé búrẹ́dì, ìyẹ̀fun ti dé ìgbọ̀nwọ́ mi, a tan rédíò sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, ni mo bá gbóhùn àbúrò yín. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pariwo, "Ayaba Gúúsù! Ayaba Gúúsù!" Wọ́n ń jó. Ọkùnrin orí rédíò wá bi í pé báwo ló ṣe di olórin ráápù. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi? Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ni wọ́n pè o, mo bá tàn án pé bàbá ẹ̀ ti dé, àfi bó ṣe lúgọ bí adìẹ tó rí àṣá!" Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Gbogbo ilé búrẹ́dì ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo dúró bí òpó, ọwọ́ mi wà nínú ìyẹ̀fun, mi ò lè fà á yọ.

Adìẹ! Èmi Lagi, ọmọ Tavita!

Ẹ ti wà nílé ọkọ nígbà yẹn, ẹ ò lè mọ gbogbo ẹ̀. Kò sí kóńsáàtì ráápù kan ní àdúgbò wa yìí, ní Otara, tí èmi àti Teuila ò lọ. Ìbáà ṣe ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá, ìbáà ṣe níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn ọjà lọ́sàn-án Sátidé, a ti máa débẹ̀ kí wọ́n tó so wáyà pọ̀. Nílé, a máa ń ní orin ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ kọ́! Ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo máa ń wọ̀, mo máa fi pínnì há a nídìí kó má baà já bọ́. Tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ yẹn, tí ìlù bá dún, eyín yín á kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí yín tó gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀! Àwọn ọmọ Tonga, àwọn ọmọ Maori, àwa ọmọ Samoa, a ó fún mọ́ra, òórùn sọ́séèjì àti àlùbọ́sà díndín á gba gbogbo afẹ́fẹ́, ẹni tí a bá jà nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a ó dì mọ́ ọn níbẹ̀, a ó jọ máa fò. Inú mi ò tíì dùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Ìyẹn náà ló tún gbà lọ́wọ́ mi! Ọjọ́ adùn mi gan-an, mi ò lè rántí ẹ̀ kí ẹnu mi má korò!

Ta ló sì ń to ọ̀rọ̀ orin? Ẹ dá mi lóhùn! Ẹ ṣeun. Èmi ni. Orí ni mo fi ń tò ó, nínú bọ́ọ̀sì, nídìí aṣọ tí mò ń ká. Teuila ní ohùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ohùn ẹ̀ lè la ògiri. Ṣùgbọ́n kó to ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó bára mu? Láéláé! Èmi ni mo ń kọ́ ọ, díẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọdé ní àdúrà. Orin tó sọ ọ́ di Ayaba yẹn, orin ìyá àgbà tó ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì fún àwọn tí kò mọ orúkọ ẹ̀, ìyá àgbà ta ni? Ṣé ìyá àgbà tiyín nulẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí? Ṣé kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù aṣọ tiwọn ni wọ́n jókòó sí ní Apia, nílé ní Samoa, títí wọ́n fi kú? Ẹ̀ẹ́n! Ìyá àgbà mi ni! Orúnkún ìyá àgbà mi ló ń ró nínú orin yẹn!

Ẹ wá gbọ́ ọjọ́ tí Sefo Ńlá wá kọrin ní pápá, ọkùnrin gìrìwò tó ti ìlú Wellington wá, tí gbogbo wa ń ya wèrè lé lórí nígbà yẹn. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn kan ti sọ fún un nípa mi, torí mo ti ń kọrin láàárín àwọn ọmọ tó ń pagbo lẹ́yìn ọjà. Ó dá ìlù dúró, ó ní, "Ọmọbìnrin tó dé fìlà yẹ́lò yẹn dà? Wọ́n ní ẹnu ẹ̀ mú. Kó gòkè wá bá mi!" Ẹ̀gbọ́n, èmi ni! Àwọn èèyàn ti ń yà sọ́nà fún mi. Mo ti gbé ẹsẹ̀. Ni àbúrò yín bá gbá mi lọ́wọ́ mú, èékánná ẹ̀ wọ̀ mí lára, ó ní, "Lagi! Bàbá ẹ! Bàbá ẹ wà ní ẹnu géètì! Lóṣòó! Lóṣòó kíá!"

Kí ni kí n ṣe? Ṣé ẹ mọ Tavita? Díákónì tó jẹ́ pé tó bá kàn húkọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ọwọ́ á dákẹ́ ẹkún! Mo lóṣòó sáàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, mo ṣí fìlà, mo sọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló gbé e? Ta ló dé e gorí ìtàgé? Bàtà ń tẹ̀ mí níka nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo tò ń dún lókè orí mi, gbogbo pápá ń hó. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ nínú ọkàn mi? Mo ní, "Olúwa, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi ní ọ̀rẹ́ tó ń gba èèyàn sílẹ̀." Mo dúpẹ́! Olè ń jà mí lólè, mo sì ń dúpẹ́!

Mo sáré délé, mo bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń bó kókò. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní, "Kí lo ṣe?" Mo ní torí kóńsáàtì ni. Wọ́n ní, "Kóńsáàtì wo?" Mo rò pé wọ́n ń dán mi wò ni! Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi! Mo tú gbogbo ẹ̀ kalẹ̀, ṣòkòtò o, irọ́ o, ráápù o. Wọn ò nà mí. Wọn ò tiẹ̀ pariwo. Kò pẹ́ kò jìnnà, mo ti wà nínú bàálù, ó di erékùṣù Savai'i ní Samoa, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, kí n máa tu koríko nídìí kókò. Ìgbà tí mo lọ ra ẹja inú agolo ní ṣọ́ọ̀bù abúlé yẹn ni mo gbọ́ orin ìyá àgbà mi lórí rédíò, ohùn Teuila ló ń kọ ọ́. Ọmọ tó ń tajà ní, "Orin yìí mà dùn o." Mo ní ó dùn.

Ẹ dúró, mi ò tíì dé ibi tó ń dùn mí. Bàbá mi ni! Láti ọjọ́ yẹn, kódà nígbà tí mo ti Savai'i padà dé, mi ò bá wọn jẹun kí n rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tó wà nínú mi ni pé ọkùnrin yìí ló ṣọ́ mi bí ọlọ́pàá, tó lọ dúró sí ẹnu géètì lọ́jọ́ ayọ̀ mi. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, mò ń fi ṣíbí fún wọn lọ́bẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Lagi, mi ò dé pápá yẹn rí. Ta ló sọ fún ẹ pé mo wá?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀." Mo rò pé wọ́n ń purọ́! Díákónì Tavita! Wọ́n wo ojú mi, wọ́n rí i pé mi ò gbà wọ́n gbọ́, wọ́n yíjú sí ògiri. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Àbúrò yín wá fi ìyẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ fún gbogbo ìlú!

Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò léjìká mi. Kí lẹ ní ó sọ? Pé ọmọdé ni òun nígbà yẹn? Ọmọdé kọ́ lèmi náà tí mò ń tu koríko? Ṣé ọmọdé ṣì ni lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni? Kó lọ sórí rédíò kan náà kó lọ sọ ẹni tó ni orin, kó sì wá kúnlẹ̀ níbi sàréè bàbá mi, kó bẹ̀ wọ́n ní orúkọ wọn. Kó tó di Sátidé o! Tí kò bá ṣe é, ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń bọ̀. Mi ò sì ní dá wá.

Ẹ mọ ẹgbẹ́ akọrin àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn oníkaba funfun? Gbogbo wọn pátá! Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń kọ́ wọn. Ìyá Pepe tí eyín wọn kì í dúró lẹ́nu, ẹ wá gbọ́ wọn nídìí ráápù! Tí àbúrò yín bá la ẹnu báyìí, a ti sọ ọ́ tán kó tó sọ ọ́. Tó bá sì kọ ọ́ dé òpin, tó rò pé ó tán, kò tán o! Ìpín kan ṣì kù tí mi ò kọ́ ọ, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti tò ó láàárọ̀ ọjọ́ Sefo yẹn gan-an, kò gbọ́ ọ rí láyé ẹ̀. Àwa la máa kọ ọ́. Kó dúró sórí ìtàgé kó máa wò wá. Kí gbogbo Otara máa wo òun.

Ẹ̀gbọ́n? Ẹkún ni àbí ẹ̀rín? Ẹ̀rín ni! Àbúrò yín mà ni o! Ẹ ní kí ni? Ẹ tún un sọ! Kí n kọ́ yín ní ìpín tó kù yẹn? Ha! Háà háà háà! Olúwa o, ẹ̀gbọ́n Teuila fúnra wọn! Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ máa bọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, àwọn ìyá ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé, gbogbo ohun tí a sọ ni wọ́n gbọ́. Ìyá Pepe! Ẹ sún díẹ̀, a ti rí ẹnìkan sí i!