Ẹni Tó Yí Padà Tó Sì Dé

Alága wa, Desmond Pascoe. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ awabàálù Wirrabel. Vern, ìwọ tó ń tún ẹ́ńjìnnì wa ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ wa ọkọ̀ gba inú eruku wá. Àti Lorna Tully, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn.

Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ yín ní wíwa bàálù kékeré lórí pápá eléruku yìí, ẹ sì fara dà mí. Mo pariwo mọ́ yín. Mo pe Desmond ní ọ̀dẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀ nítorí pé kò yẹ epo wò kó tó gbéra. Desmond, má bínú. Àmọ́ ọ̀dẹ̀ ni ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ó tó báyìí. Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn mi fún yín tán, ẹ sì pàtẹ́wọ́: bí ẹ́ńjìnnì mi ṣe kú lọ́dún 1987, kété tí mo gbéra, tí mo yí padà, tí mo sì balẹ̀ síbi tí mo ti gbéra. Ẹ tiẹ̀ ti kọ ọ́ sára abẹ̀bẹ̀ onígi imú bàálù tí ẹ fi ta mí lọ́rẹ: “Clem Haddow, ẹni tó yí padà tó sì dé.”

Kí ni mo kọ́ yín ní kíláàsì? Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ẹ tẹ imú bàálù wálẹ̀, iwájú ni kí ẹ máa lọ, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kí bàálù fọ́ kí ẹ̀yin yè. Ẹ má yí padà. Ẹni tó bá yí padà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní gbé apá bàálù rẹ̀ mọ́, á já lulẹ̀. Ohun tí mo ń sọ láàárọ̀ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí mo bá ti mu bíà méjì, kí ni mo máa ń sọ? Ìtàn bí mo ṣe yí padà yìí kan náà ni.

Vern kìlọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tí mo balẹ̀ gan-an, ó ní, “Clem, má tanra ẹ jẹ o. Ìwọ nìkan lo wà nínú ẹ̀, epo ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bàálù fúyẹ́, atẹ́gùn ńlá ló sì gbé ẹ padà. Orí ló yọ ẹ́.” Mo ní kó lọ nu sípánà rẹ̀. Ohun tí mi ò sọ fún Vern, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ni pé mi ò ronú kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ló yí ọwọ́ mi. Apá òsì bàálù ti ń já lọ sílẹ̀, mo ń ké pe ìyá mi, mo sì ti tọ̀ sára kí táyà tó kan ilẹ̀.

Kerryn, ọmọ Lorna, fẹ́ràn ìtàn yẹn ju gbogbo yín lọ. “Ọ̀gá, ẹ tún un sọ! Ẹ fọwọ́ ṣe bó ṣe yí!” Èmi náà á sì tún un sọ. Ọdún kọkànlá rèé tó ti kú. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ kété tó gbéra, pápá àgùntàn gbalasa wà níwájú rẹ̀, ó yí padà, ó já. Àwọn olùwádìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún ni Lorna ń sọ fún mi pé, “Ó dùn mí, Clem. O kọ́ ọ dáadáa, ó kàn gbàgbé ni.” Èmi á sì máa jẹ kéèkì rẹ̀.

Lorna, èmi nìkan ló wà nídìí rédíò lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún àwọn olùwádìí pé “ẹ́ńjìnnì ti kú” nìkan ni mo gbọ́. Irọ́ ni mo pa. Ohun tí ọmọ rẹ sọ ni pé, “Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì ti kú. Mo ti ń yí padà, bíi tiyín.” Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Kò gbàgbé nǹkan kan, Lorna. Ohun tó rántí ló pa á, èmi ni mo sì fi sí i lórí.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn olùwádìí lọ́la. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí. Mi ò lójú tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ọ́. Desmond, gba abẹ̀bẹ̀ yìí padà. Ẹ fá orúkọ mi kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ sí kíláàsì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ìtàn mi mọ́, àfi tó bá máa sọ ti ìtọ̀ mọ́ ọn.

Kí Ọlọ́run tu Lorna nínú. Kí ẹ́ńjìnnì yín máa dún títí ẹ ó fi délé. Lọ́jọ́ tó bá sì dákẹ́, kí ilẹ̀ tó tẹ́jú wà níwájú yín, kí ẹ gbà á. Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́.