Ògiri Tí Mo Mọ Dí Ilé Ara Mi

Alága wa, tí ẹ tún jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín nínú ọkàn mi. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ yá wa ní àga, ẹ kú inúure. Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ tí ẹ wá bá mi ṣe ìfẹ̀yìntì mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ìyàwó mi nìkan ni n ò tíì kí. Ó wà lọ́ọ̀kán yẹn, ó kẹ̀yìn sí mi. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wa ló ń rán sí mi: "Ẹ bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn pé oúnjẹ ti délẹ̀." Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Iṣẹ́ wo ni mo ṣe títí irun mi fi funfun? Ilé-iṣẹ́ wa ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé àwọn èèyàn, èmi ni mo sì ń tọ́jú ògiri tó wà láàárín ilé wọn àti ayé, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní fáyáwọ́ọ̀lù. Ohun tó ń wọlé, ohun tó ń jáde, ògiri mi a wò ó lójú: ta ni ọ́? Níbo lò ń lọ? Ẹrù ta lo gbé? Mo gbádùn rẹ̀, n ò ní purọ́. Nílé, ta ló ń bẹ̀rù mi?

Wàyí o, àwọn kan wà tí wọn kì í kó fáìlì wọn sí ibì kan kí ẹlòmíràn tó lọ mú un. Kọ̀ǹpútà ilé kan ló ń bá kọ̀ǹpútà ilé kejì sọ̀rọ̀ tààrà. Díẹ̀ ń ti ibí wá, díẹ̀ ń ti ọ̀hún wá, títí odindi fídíò yóò fi pé. Èmi ní tèmi, mo ní olè ni gbogbo wọn, fíìmù onífíìmù ni wọ́n ń jí. Mo pàṣẹ fún ògiri: ẹnikẹ́ni tó bá ń pín nǹkan láti ilé dé ilé, dá a padà! Ọ̀gá fọwọ́ sí i, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo tẹrí ba bí ọba.

Àṣé ilé tèmi náà wà nínú ẹni tí mò ń dá padà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń gbé ọ̀nà jíjìn, ló ní fídíò ìgbéyàwó wa, ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù. Ohùn bàbá wọn tó ti dolóògbé wà nínú rẹ̀. Fídíò náà tóbi, ẹ̀gbọ́n wá ń fi í ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí tiwa. Ó dé ibì kan, ó dúró gbagidi. Ìyàwó mi ní, "Olówó orí mi, íńtánẹ́ẹ̀tì yín yìí ńkọ́?" Mo ní, "Pa á, kí o tún tàn án." Ó pa á, ó tàn án, pàbó. Mo ní igi aládùúgbò ló ń dí i. Aládùúgbò, ẹ foríjì mí nítorí igi yín tí wọ́n gé. Mo ní eku ló jẹ wáyà. A ra ológbò. Òun náà ló sùn sábẹ́ tábìlì alága yẹn, kò pa eku kankan rí.

Ọmọbìnrin tó ń gba ipò mi lónìí, tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́, ló wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó mi ro ẹjọ́ fún un. Ọmọ náà ní, "Ìyá, kì í ṣe eku o. Bàbá fúnra wọn ni." Háà! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ níhìn-ín, n ò láṣẹ kankan mọ́ lórí ògiri yẹn. Ìyàwó mi sì ti ní bí fídíò náà ò bá wọlé, èmi náà ò ní wọlé. Ilé mi nìyí lẹ́yìn mi, àgbàlá rẹ̀ lẹ jókòó sí. Ọwọ́ ìyàwó mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀gá, mo ní olè ni gbogbo wọn. Olè wà nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kọ́! Ẹ dákun, ẹ fún ọmọbìnrin yìí láṣẹ kó ṣí ògiri náà. Ẹ ṣáà mirí, ó tó.

Wọ́n mirí! Gbogbo yín lẹlẹ́rìí! Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ kíákíá, kí ọ̀gá tó yí ohùn padà. Kí lo wí? Kí n kọ́kọ́ pa á, kí n tún tàn án? Orí ẹ ò pé, ìwọ ọmọ yìí!

Ẹ jẹ́ kí n máa dúpẹ́ títí fídíò náà yóò fi dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gun òpó, tí mo rán wá sílé mi lásán, tí wọ́n yọ wáyà tó dára, tí wọ́n fi wáyà tó dára rọ́pò rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé fóònù, tí àwọn oníbàárà ń bú nítorí mi... Ẹ gbọ́ ná. Ẹ dákẹ́. Kí ló ń dún ní páálọ̀ yẹn?

Ohùn àna mi nìyẹn! Bàbá ìyàwó mi ni, ẹ gbà mí o! Ìyàwó mi ti sáré wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi mí: "Ìwọ ọkọ ìyàwó, ṣé o ò ní dí ọmọ mi lọ́nà?" Ọmọkùnrin tó ń fọ́nnu nínú fídíò yẹn, èmi ni: "Láéláé, Bàbá! Ibi tó bá wù ú ni yóò gbà."

Ẹ máa rín mi, mo gbà. Ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà yín dí. Kí ire tó ń bọ̀ wá bá yín má dúró lẹ́nu bodè. Kí ẹ má fọwọ́ ara yín mọ ògiri tí ẹ óò forí gbá. Ìyàwó mi ti yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Olówó orí mi, wọlé wá wò ó." Ẹ ṣé o. Aládùúgbò, ẹ padà jókòó, kò rán yín níṣẹ́ mọ́. Èmi gan-an ló ń pè.